Kọ́kọ́rọ́ nìkan ni wọ́n kó lé mi lọ́wọ́: níbo ni màá ti kọ́ iṣẹ́ ilé akẹ́kọ̀ọ́?

Ìbéèrè tó wọlé rèé, mo gé e kúrú díẹ̀: “Ẹ̀gbọ́n, mo kí yín o. Ọmọ Sábẹ̀ẹ́ ni mí, ọmọ ọdún 26. Láti ìgbà tí yunifásítì wọlé ni wọ́n ti gbà mí pé kí n máa bójú tó bílọ́ọ̀kù àwọn obìnrin kan nínú kámpọ́ọ̀sì, ibẹ̀ náà ni mò ń sùn. Fọ́màsíọ̀n tí wọ́n ṣe fún wa ò ju àárọ̀ ọjọ́ kan lọ, wọ́n ka òfin ilé sí wa létí, wọ́n kó kọ́kọ́rọ́ fún wa, ó tán. Ní báyìí, ilẹ̀kùn mi ò sinmi, aago méjì òru, aago mẹ́ta òru, èyí ń sunkún, tọ̀hún ń jà torí ibùsùn, iná lọ, omi dá. Àwọn kan ò tiẹ̀ kà mí sí torí pé a fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹgbẹ́. Mo rí fọ́màsíọ̀n kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ti Amẹ́ríkà ni, wọ́n á fúnni ní sítífíkéètì, àmọ́ owó ẹ̀ ju owó oṣù mi méjì lọ. Ṣé kí n yáwó ṣe é? Àbí kí n padà lọ ṣe mástà? Àbí iṣẹ́ yìí ò kàn jẹ́ tèmi ni?”

Àbúrò mi, o kú iṣẹ́ o, o kú àìsùn. Mo ka lẹ́tà rẹ, mo tún un kà, ìbéèrè mẹ́ta lo bi mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo ló ń dùn ẹ́: o ń ṣe iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn ẹ́, o ò sì rí ẹni tó máa wò ẹ́ níbi tó o ti ń ṣe é kó sọ pé ibí yìí dáa, ibí yìí kù díẹ̀ káàtó. Ìyẹn gan-an ni mo fẹ́ dáhùn. Èmi náà ṣe iṣẹ́ ilé akẹ́kọ̀ọ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì, Àjàṣẹ́ níbí ni mo jókòó sí báyìí, àwọn ọmọ tuntun tó kọjá lọ́wọ́ mi pọ̀, kí n sì tó fẹ̀yìn tì, iṣẹ́ kíkọ́ wọn ló kù tí mo fẹ́ràn jù. Ká má fọ̀rọ̀ gùn: má yáwó o. Má sì tíì fiṣẹ́ sílẹ̀. Àlàyé ẹ̀ ló máa gùn, jọ̀ọ́ fara balẹ̀ kà á.

Ohun àkọ́kọ́ tó ń da ọ̀rọ̀ rú fún ẹ ni pé o rò pé fọ́màsíọ̀n jẹ́ ohun tí èèyàn ń lọ jókòó gbà níbì kan tí wọ́n á sì fi bébà tì í lẹ́yìn. Ìwọ wo Amẹ́ríkà yẹn gan-an, tí wọ́n ti sọ iṣẹ́ yìí di ohun tí èèyàn ń kọ́ ní yunifásítì. Oríṣi òṣìṣẹ́ méjì ló máa ń gbé pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́hùn-ún. Ọ̀kan, akẹ́kọ̀ọ́ lòun náà, RA, ìyẹn resident assistant, ni wọ́n ń pè é, á máa bójú tó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní àjà kan nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, wọ́n sì sábà máa ń fi yàrá tàbí oúnjẹ ọ̀fẹ́ san án fún un. Èkejì ni ọ̀gá ilé, tòun ti ń gba owó oṣù, púpọ̀ nínú wọn ló sì ti ṣe mástà. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó dé, láàárín oṣù kẹjọ, wọ́n á kó àwọn RA jọ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ó sì ní eré kan tí wọ́n máa ń ṣe níbẹ̀, Behind Closed Doors lorúkọ ẹ̀. Àwọn àgbà RA á wọ yàrá, wọ́n á ti ilẹ̀kùn, ọ̀kan á ṣe bí ẹni tó mutí yó, ọ̀kan á ṣe bí ẹni tí ọ̀rẹ́kùnrin ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ já sílẹ̀, àwọn méjì á máa bú ara wọn lórí ariwo. Ọmọ tuntun á dúró síta, kò mọ ohun tó ń bẹ nínú ilé, á kan ilẹ̀kùn. Bó ṣe wọlé, ibi tó dúró sí, ohùn tó fi sọ̀rọ̀, ẹni tó kọ́kọ́ wò, gbogbo ẹ̀ ni ẹnì kan tó jókòó sí kọ̀rọ̀ ń wò. Wọ́n á dá eré dúró, wọ́n á sọ ohun tí wọ́n rí fún un, á jáde, á tún padà wá kan ilẹ̀kùn.

Mo ti ṣe eré yìí pẹ̀lú àwọn ọmọ wa níbí, mi ò sì tíì rí ohun tó yára kọ́ èèyàn tó o. Ohun kan náà ni gbogbo wọn máa ń ṣe nígbà àkọ́kọ́: wọ́n á dúró gangan lójú ilẹ̀kùn, ìdì kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, á máa dún wọ̀ngìnwọ̀ngìn, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka òfin ilé fún ẹni tó ń sunkún. Nígbà tí wọ́n bá tún un ṣe, kọ́kọ́rọ́ á wọ àpò, wọ́n á kúrò lójú ilẹ̀kùn kí ẹni tó ń bínú lè rí ọ̀nà jáde tó bá fẹ́, wọ́n á jókòó tí ẹni tó ń sunkún bá jókòó, wọ́n á bi í ní orúkọ ẹ̀ kí wọ́n tó bi í ní nǹkan míì. Ṣé o rí i, kò sí èyí tó ṣòro nínú ẹ̀, àmọ́ kò sí ìwé tó lè wọ̀ ọ́ sí èèyàn lára, àfi kó ṣe é, kí ẹlòmíì wò ó, kó tún un ṣe. Ìwọ àti àwọn tí ẹ jọ gbaṣẹ́ lè ṣe é lọ́jọ́ Sátidé kan nínú yàrá tó ṣófo, ẹ lè bẹ gàdíẹ̀n tó ti pẹ́ níbẹ̀ kó wá jókòó sí kọ̀rọ̀ torí ojú wọn ti rí nǹkan, kò ní ná yín ní fránkì kan.

Èmi ò sọ pé ti òyìnbó ò dáa o. Ẹgbẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé akẹ́kọ̀ọ́ ní lọ́hùn-ún, ACUHO-I, inú ìpàdé àkọ́kọ́ tí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà ṣe ní yunifásítì Illinois ní 1949 ló ti ṣẹ̀ wá, wọ́n ti ronú jinlẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí ju ẹnikẹ́ni lọ. Àmọ́ ohun tó o máa san owó ẹ, apá tó pọ̀ nínú ẹ̀ ló máa jẹ́ òfin wọn. Wọ́n á kọ́ ẹ ní òfin Clery tí wọ́n ṣe ní 1990, lẹ́yìn tí wọ́n pa akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan nínú yàrá rẹ̀ ní yunifásítì Lehigh ní 1986, òfin tó ní kí yunifásítì máa kéde ìwà ọ̀daràn tó bá ṣẹlẹ̀ nínú kámpọ́ọ̀sì. Wọ́n á kọ́ ẹ ní FERPA ti 1974 tó ń dáàbò bo ìwé àṣírí akẹ́kọ̀ọ́. Ohun gidi ni méjèèjì, ṣùgbọ́n sẹ́fù rẹ, ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́, ò ní bi ẹ́ léèrè ọ̀kan kan nínú wọn láéláé. Tó bá jẹ́ pé yunifásítì ló máa sanwó ẹ̀, ṣe é kíákíá, mú ohun tó bá wúlò níbẹ̀. Tó bá jẹ́ owó tó o máa yá ni, rárá o.

Ohun tó tiẹ̀ yẹ kó o mọ̀ ni ibi tí ìdààmú rẹ ti ṣẹ̀ wá, torí kì í ṣe ọ̀lẹ ni ẹ́, kì í sì í ṣe pé orí rẹ ò gbé e. Ètò ilé akẹ́kọ̀ọ́ wa ní Bẹ̀nẹ̀ jọ ti Faransé. Àwọn ní CROUS láti 1955, àwa ní COUS, àjọ tó kó ibùsùn, oúnjẹ àti ọkọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ sábẹ́ ọwọ́ kan náà. Nínú irú ètò bẹ́ẹ̀, òṣìṣẹ́ bíróò wà, gàdíẹ̀n wà, ẹni tó ń gbálẹ̀ wà, ẹni tó ń tún páìpù ṣe wà, àmọ́ ẹni tó jẹ́ pé àwọn ọmọ náà fúnra wọn niṣẹ́ ẹ̀, ètò náà ò fi bẹ́ẹ̀ ní àyè fún un. Lọ sí Nàìjíríà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbí, ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n gbà: ní Ìbàdàn láti 1948, olùkọ́ ló ń jẹ́ wọ́dìn, pọ́tà ló ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà, kálukú mọ ìwọ̀n ara ẹ̀. Ìwọ wá bọ́ sáàárín méjèèjì. Kọ́kọ́rọ́ gàdíẹ̀n wà lọ́wọ́ rẹ, ojú ẹ̀gbọ́n obìnrin ni àwọn ọmọ fi ń wò ẹ́, ìwé òfin tí wọ́n fún ẹ ò sì mẹ́nu ba ìkejì rárá. Tún fi kún un pé láti ìgbà tí yunifásítì wa àkọ́kọ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní 1970 títí tí Parakou fi dé ní 2001, àti títí di òní, akẹ́kọ̀ọ́ ń pọ̀, ibùsùn ò bá a lọ. Èyí tó pọ̀ jù ló ń háyà yàrá sí àárín ìlú. Ẹni tó bá wá rí ibùsùn gbà nínú kámpọ́ọ̀sì, bí ẹní rí wúrà ni, àbúrò á wá sùn tì í, ọ̀rẹ́ á wá sùn tì í, ìjà ibùsùn tó ń gbé wọn wá sẹ́nu ọ̀nà rẹ lóru, ibẹ̀ ló ti ń wá, kì í ṣe ìwà burúkú ọmọ kankan.

Nítorí náà, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó o ní láti kọ́ ni ibi tí iṣẹ́ rẹ parí sí. Ibẹ̀ ló ń pa ọmọ tuntun lára jù, torí wọ́n rò pé ẹni tó dáa nínú iṣẹ́ yìí ni ẹni tó lè yanjú gbogbo ẹ̀. Mú bébà kan, kọ ohun tó jẹ́ tìẹ sí i, ohun tó jẹ́ ti sẹ́fù, ohun tó jẹ́ ti ilé ìwòsàn, ohun tó jẹ́ ti ọlọ́pàá tàbí ti pọ́ǹpìyé, àwọn panápaná, kó o lọ bá sẹ́fù rẹ, ẹ jọ kà á, kó fọwọ́ sí i. Má jẹ́ kó sọ pé “a ó máa rí i bó bá ṣe ń ṣẹlẹ̀”. Bi í ní ìbéèrè tó ní ẹsẹ̀ nílẹ̀: ọmọ kan wà tó ní ẹ̀jẹ̀ SS, eegun bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó láago méjì òru, sẹ́míjáàn, ọ̀kadà wa, ò lè gbé e, ta ni mo máa pè, ọkọ̀ wo ló ń bọ̀, ta ló ń san owó ẹ̀? Èyí kì í ṣe àròsọ o, yóò ṣẹlẹ̀ sí ẹ tí kò bá tíì ṣẹlẹ̀. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá ní ibà lára, tàbí àyà ń dùn ún, tàbí mímí ń nira fún un, ìpara àti omi gbígbóná ò sí níbẹ̀ mọ́, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tí àwọn ọmọ bá wọlé ni kó o ti máa rọra béèrè lọ́wọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe lójú gbogbo èèyàn, bóyá wọ́n ní àìsàn kan tó o gbọ́dọ̀ mọ̀, asíma, SS, wárápá, kó o sì gba nọ́ńbà ìyá tàbí bàbá wọn.

Ti òru náà, o ní láti sọ fún wọn ohun tó lè jí ẹ. Pe ìpàdé, sọ ọ́ lẹ́nu, lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn pẹ̀lú: iná, ẹ̀jẹ̀, ẹni tí kò lè mí, ẹni tó ní òun fẹ́ pa ara òun, ẹni tí wọ́n lù tàbí tí wọ́n fipá bá lò pọ̀, àjèjì tó wọlé. Àwọn yìí, kí wọ́n fọ́ ilẹ̀kùn tó bá gbà bẹ́ẹ̀. Ibùsùn, kọ́kọ́rọ́ tó sọnù, ẹni tó gbé báàfù onítọ̀hún, ó di aago méje àárọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ wọ́n á ṣì máa wá, dá wọn lóhùn pẹ̀lú sùúrù, sọ pé “mo ti gbọ́, wá ní aago méje”, kó o sì wà níbẹ̀ ní aago méje lóòótọ́, torí tí o ò bá sí níbẹ̀ ní aago méje, aago mẹ́ta òru ni wọ́n tún máa padà wá. Kó o sì bá àwọn tó wà ní bílọ́ọ̀kù tó kù pín òru. Kò sẹ́ni tó lè máa jí lójoojúmọ́ kó má bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo mọ́ ọmọ ọlọ́mọ.

Ní ti pé wọn ò kà ẹ́ sí, mo fẹ́ kó o fetí sí èyí dáadáa, torí ibẹ̀ ni mo ti rí ọ̀pọ̀ ọmọ tó dáa tó bàjẹ́. Tí ọmọ tuntun bá ti rí i pé ẹgbẹ́ òun ni wọ́n, ohun tó máa ń ṣe ni kó le, kó máa fajú ro, kó máa gba nǹkan lọ́wọ́ wọn, kó má rẹ́rìn-ín mọ́. Àwọn míì á ṣe òdìkejì ẹ̀, wọ́n á di ọ̀rẹ́, wọ́n á máa jẹun nínú yàrá wọn, wọ́n á máa bá wọn sọ̀rọ̀ ẹlòmíì. Méjèèjì ò gbéni débì kan. Ohun tí àwọn ọmọ ń wò ni bóyá ọ̀rọ̀ rẹ jẹ́ ọ̀kan, bóyá òfin tó o lò fún ọmọ Fọ̀n lo lò fún ọmọ Sábẹ̀ẹ́. Mo sọ ọ́ torí mo mọ ilé wa: tí ọmọ ilé wa bá wá, tó kí ẹ ní èdè ilé, tó ní “ẹ̀gbọ́n mi”, ó dùn mọ́ni, ó sì yẹ kó dùn mọ́ni, àmọ́ ọmọ Bàrìbá tó dúró lẹ́yìn ẹ̀ ń wò ẹ́, ọmọ Gùn ń wò ẹ́. Bá ọmọ ilé wa sọ èdè wa tinútinú, kó o sì sọ fún un pé rárá ní èdè kan náà yẹn. Kí o máa pe gbogbo wọn ní orúkọ wọn, kó o kọ́ ọ kí oṣù kan tó pé. Má fi “ìwọ yẹn” pe ọmọ kankan.

Ìjà inú yàrá, ó tún ní bó ṣe rí. Àwọn ọmọbìnrin méjì kan wà lọ́dọ̀ mi nígbà kan tí wọ́n ń jà lórí kẹ́ẹ̀gì omi, ọ̀kan ní èkejì ń lo omi òun. Mo fẹ́ ra kẹ́ẹ̀gì kejì fún wọn kí n lè sùn. Àgbà gàdíẹ̀n kan ló ní kí n wo inú yàrá ná. Mo wọlé, kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta ló wà níbẹ̀, gbogbo ẹ̀ kún. Nígbà tí mo jókòó, tí mo jẹ́ kí ọ̀kan sọ̀rọ̀ tán kí èkejì tó bẹ̀rẹ̀, ó wá jáde pé tí omi bá ti dá, ọ̀kan nìkan ló ń jí láago márùn-ún lọ tò sí ẹ̀rọ, èkejì ń sùn torí pé ó ń kàwé di ààjìn, onítọ̀hún sì rò pé wọ́n sọ òun di ọmọ ọ̀dọ̀. Ọ̀rọ̀ jíjí láàárọ̀ àti oorun ni. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń jẹ́ kí àwọn ará yàrá kan jókòó ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí ara wọn tó gbóná, kí wọ́n kọ àdéhùn tiwọn sílẹ̀: ta ló ń pọn omi lọ́jọ́ wo, iná á kú ní aago mélòó, ẹni tó ń jí kírun tàbí gbàdúrà ní ìdájí á ṣe é níbo, àlejò lè sùn ọjọ́ mélòó, fóònù títí dìgbà wo. Kí wọ́n fọwọ́ sí i, kó o tọ́jú ọ̀kan. Nígbà tí ìjà bá dé, o ò ní jẹ́ adájọ́ mọ́, àdéhùn wọn lẹ ó jọ kà.

Iná ni mo bẹ̀rù jù nínú gbogbo ẹ̀, mi ò sì fẹ́ kó o fi ṣeré. Ní oṣù kìíní ọdún 2000, iná mú nínú Boland Hall, ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní ní yunifásítì Seton Hall, New Jersey, ní Amẹ́ríkà, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta ló kú. Agogo iná dún, àmọ́ ó ti máa ń dún lásán tẹ́lẹ̀, àwọn kan rò pé irú ẹ̀ náà ni, wọn ò tètè dìde. Ilé tó ní agogo nìyẹn o, ilé ọlọ́rọ̀. Tiwa, rálọ́ńjù, wáyà tí wọ́n fi ń fa iná gùn, ló ń pa wá. Wọ yàrá, wo ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀dì: rálọ́ńjù kan ṣoṣo, fóònù mẹ́rin, fáànù, ààrò iná mànàmáná, gbogbo ẹ̀ lórí ẹ̀. Fọwọ́ kan ẹnu rẹ̀ níta, tó bá gbóná, tí ike ẹ̀ ti pọ́n bíi ti àkàrà tó jóná, tó ń rùn bíi pílásítíìkì, yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, má retí ìpàdé. Àmọ́ gbígba ààrò lọ́wọ́ wọn nìkan ò tó, wọ́n á rà á padà, wọ́n á wá máa sè é lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tó o ò ní rí i mọ́, ìyẹn ló burú jù. Ebi ń pa wọ́n, oúnjẹ ilé ìjẹun ní aago tó ń parí. Lọ bá sẹ́fù, béèrè ibì kan níta tí wọ́n á ti máa dáná, simẹ́ńtì àti òrùlé páànù ti tó. Nọ́ńbà pọ́ǹpìyé ni 118, kọ ọ́ gàdàgbà sí ẹnu ọ̀nà, kó o sì ní kí sẹ́fù bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá fi bí wọ́n ṣe ń lo ẹ̀rọ ìpaná hàn yín. Fọ́màsíọ̀n nìyẹn náà, ó sì wúlò ju èyí tó o rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì yẹn lọ. Croix-Rouge náà máa ń kọ́ni ní ìtọ́jú pàjáwìrì. Tí owó díẹ̀ bá wà lọ́wọ́ rẹ tó o fẹ́ ná sórí ẹ̀kọ́ lọ́dún yìí, ibẹ̀ ni kó o ná an sí.

Àwọn tó ń wá sunkún ńkọ́? Èmi kì í ṣe dókítà, n ò lè kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń wo àìsàn ọkàn, ìwọ náà ò sì gbọ́dọ̀ gbìyànjú ẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé, OMS, gbé ìwé kékeré kan jáde ní 2011 fún àwọn tí kì í ṣe dókítà, ọ̀fẹ́ ni, ó wà ní Faransé, ohun tó sì kọ́ni ò ju mẹ́ta lọ: wò, gbọ́, mú un dé ọ̀dọ̀ ẹni tó lè ràn án lọ́wọ́. Ìkẹta yẹn làwọn ọmọ tuntun máa ń gbàgbé, wọ́n á gbọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́, lọ́la wọ́n á tún gbọ́, wọn ò ní mú un lọ síbì kankan. Má sì ṣèlérí fún ọmọ kankan pé o ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Tó bá ní “ẹ búra kí n tó sọ ọ́”, sọ fún un pé “ohun tó bá lè pa ìwọ tàbí ẹlòmíì lára, mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún ẹni tó lè gbà ẹ́, èyí tó kù ò ní jáde lẹ́nu mi”. Wọ́n á ṣì sọ ọ́, mo fi dá ẹ lójú. Tó bá wá jẹ́ pé wọ́n fipá bá ọmọ lò pọ̀, má bi í pé kí ló wá débẹ̀, má jẹ́ kó wẹ̀, ẹ gba ilé ìwòsàn lọ lálẹ́ ọjọ́ náà, torí oògùn tí wọ́n fi ń dènà kòkòrò SIDA gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí wákàtí 72 tó pé, bó sì ṣe yá tó ló dáa tó.

Gbogbo ohun tí mo sọ yìí, ra káyé kan kó o máa kọ ọ́. Ọjọ́, aago, ẹni tó wà níbẹ̀, ohun tó o fojú rí, ohun tó o ṣe, ẹni tó o pè. Ohun tó o rí ni o, kì í ṣe ohun tó o rò. Má kọ “ọmọ yàrá kẹrìnlá jẹ́ aláìgbọràn”, kọ “aago 11:40 alẹ́, mo gbọ́ orin ní yàrá 14, mo kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ṣí i, mo ní kí wọ́n rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, wọ́n rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀”. Àwọn kan rò pé torí àtifi ẹjọ́ sun ọmọ ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́, rárá, ìwọ ló ń gbà. Ọjọ́ tí òbí kan bá wá pariwo ní bíróò pé o ò ṣe nǹkan kan, káyé yẹn ló máa sọ̀rọ̀. Àmọ́ ohun tó fi wúlò fún ẹ̀kọ́ rẹ ni pé o lè gbé e lọ bá ẹni tó dàgbà jù ẹ́ nínú iṣẹ́. Bẹ sẹ́fù rẹ fún ìdajì wákàtí lọ́sẹ̀, mú ohun kan ṣoṣo nínú káyé, bi í pé “ẹ̀yin ni, báwo lẹ ṣe máa ṣe é?” Tí sẹ́fù ò bá ráyè, tí kò sì tiẹ̀ fẹ́ gbọ́, èyí ò ṣọ̀wọ́n, mi ò ní parọ́ fún ẹ, wá ẹlòmíì, obìnrin àgbà kan ní bílọ́ọ̀kù míì, ẹnì kan tó ti ṣe é rí tó ti fẹ̀yìn tì, tàbí kí ẹ̀yin tuntun máa pàdé láàárín ara yín. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí lóun nìkan kì í pẹ́ níbẹ̀.

Mástà, mi ò lòdì sí i. Tó o bá fẹ́ di ẹni tó ń ṣètò ilé fún gbogbo yunifásítì, ẹni tó ń jókòó pẹ̀lú àwọn dìrẹ́tọ̀, o máa nílò ìwé ńlá lọ́jọ́ kan. Àmọ́ parí ọdún kan sí méjì níbi iṣẹ́ yìí ná, wàá mọ ohun tó o fẹ́ kọ́ gan-an, bóyá ìṣàkóso ni, bóyá ìmọ̀ nípa ọkàn èèyàn ni, bóyá òfin ni. Bóyá iṣẹ́ náà jẹ́ tìẹ, lẹ́tà kan ò tó fún mi láti mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo mọ̀ ni pé àárẹ̀ oṣù àkọ́kọ́ kì í ṣe àmì. Wo ara rẹ nígbà tó o bá ti pín òru, tó o ti sùn dáadáa fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan: tó bá jẹ́ pé inú ṣì ń bí ẹ tí ọmọ bá kan ilẹ̀kùn lọ́sàn-án gangan, tó ò fẹ́ mọ orúkọ ẹ̀, lọ wá iṣẹ́ míì, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Tó bá jẹ́ pé àárẹ̀ ló ń mú ẹ, tó o sì ń ronú lórí ọmọ tó sunkún lánàá pé ṣé ó ti jẹun, dúró.

Ohun kan tó o ò sọ ni bí kọ̀ńtírà rẹ ṣe rí. Tún un kà, pàápàá ibi tó sọ̀rọ̀ yàrá tó ò ń gbé, torí níbi púpọ̀, ọjọ́ tí iṣẹ́ bá parí ni yàrá náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, owó tó o ì bá máa fi san gbèsè sítífíkéètì yẹn lóṣooṣù, máa kó o pamọ́ fún háyà ilé. Tí o bá ti bá sẹ́fù kọ bébà yẹn tán, kọ̀wé sí mi kó o sọ ibi tó ti kọ̀ láti fọwọ́ sí, ká wo bá a ṣe máa bá a sọ ọ́.